Ẹni Tí Yóò Pariwo "Dúró"

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ ilé ọkọ yín bá ń wa ọkọ̀ lọ sínú kòtò, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá a dúró, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Praise kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ bá wa rọra dúró díẹ̀, sà."

Kó tó dé "díẹ̀", táyà iwájú jíìpù ìjọ ti wọ ẹrẹ̀ dé ìdajì. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi obì bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Akọ̀wé, ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ìjọ, yọ orí lójú fèrèsé. "Ìyàwó wa, mo ti rì o!"

Ẹ̀bá odò kan lẹ́yìn Èmùré ni wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣíwájú ọkọ̀ lọ́nà oko, kó máa júwe ọ̀nà fún dẹ́rẹ́bà, àti bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀ tó bá rì yọ. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, mẹkáníìkì ará Ìkẹ́rẹ́, ni olùkọ́. Àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ gbé oògùn ibà àti aṣọ ọmọ lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì kí òjò tó dí ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ wọn rì, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti yí padà, ibà sì pa ọmọ kan ní abà. Ìgbìmọ̀ ìjọ wá fi òté lé e: bí kò bá sí obìnrin kan tó yege nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọkọ̀ ìjọ kò ní kúrò nílé mọ́. Ìyá Praise ló nawọ́. Títí di ìsinsìnyí, kò mọ ohun tó gbé ọwọ́ náà sókè.

Akínwándé wo Bọ̀dá Akọ̀wé, ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó mi orí.

"Màdáàmù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Dúró!"

"Mo sọ ọ́, ọ̀gá."

"Ẹ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ fi àdúrà ṣí i, ẹ sì fẹ́ fi oore-ọ̀fẹ́ parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti kúnlẹ̀, dẹ́rẹ́bà ò rí yín mọ́."

"Ṣé kí n wá nàró ṣánṣán bá ọmọ ilé ọkọ mi sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo mọ àṣà, ìyá mi náà ń ṣe é. Ulé ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é. Níbí, dẹ́rẹ́bà ni."

Ó wá fi okùn ńlá tó so jíìpù mọ́ ọkọ̀ kejì tó máa fà á yọ hàn wọ́n. Bí okùn bá ti le gbọnyin, ó ní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá já, kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Aṣíwájú ló máa rí ewu, òun ló máa pariwo.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Ìyá Praise gbé ìṣasùn ẹja sílẹ̀. Ó fún Bọ̀dá Akọ̀wé ní ibi tó tóbi jù, ó sì bá wọn yọ eegun rẹ̀ kúrò, bó ṣe máa ń ṣe.

Beatrice, tó wá láti Ìsẹ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ń wò ó. "Ìyá Praise, bí ejò bá fẹ́ bu Bọ̀dá yín jẹ ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ kí ejò náà. N ò mọ ìdílé tó ti wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rín in, ṣùgbọ́n ó ń rò ó lọ́kàn pé nítorí ẹnu òun, ibà yóò tún pa ọmọ kan ní abà.

Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnu rẹ̀. Ó dojú kọ ìkòkò iṣu tó ń hó. "Dúró!" Moses, ọkọ rẹ̀, tó ń bọ̀ wá bu omi, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni mo ṣe?"

Orúnkún Ìyá Praise ti kan ilẹ̀ kó tó rántí pé ìkòkò lòun ń bá wí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n ri jíìpù mọ́lẹ̀ dáadáa, Akínwándé jókòó sínú rẹ̀. Beatrice wà nínú ọkọ̀ tó máa fà á. Ìyá Praise dúró níwájú, ó nàró, ó gbé ọwọ́ sókè. Okùn le. Jíìpù mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bọ̀dá Akọ̀wé jáde lábẹ́ igi, fóònù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò okùn náà nítòsí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti rékọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ s..." Okùn náà ń dún bí igi tó fẹ́ wó.

"Àánúolúwa! Dúró níbẹ̀! Padà sẹ́yìn! Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

Bọ̀dá Akọ̀wé fò sẹ́yìn, fóònù bọ́ sínú ẹrẹ̀. Okùn já. Ó fò kọjá níwájú wọn, ó gé igi ìbẹ́pẹ tó wà níbẹ̀ sí méjì.

Akínwándé sọ̀ kalẹ̀, ó wo ìbẹ́pẹ náà, ó wo Ìyá Praise.

"Màdáàmù, ẹ ti yege."

Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró, ó nàró padà.

Ọjọ́ yẹn ló tó mú ìlérí tó ṣe lẹ́bàá ibùsùn ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ, nígbà tí ìyá náà ń kú lọ, tó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀, Bọ̀dá Akọ̀wé yìí gan-an, ọmọ ọwọ́ nígbà náà, tó fi oṣù mẹ́ta péré ṣáájú Ìyá Praise wọ ilé náà, pọ̀n sí i lẹ́yìn, tó ní bí Àánúolúwa bá fẹ́ ṣìṣe, kó má wo ti àṣà, kó pè é lórúkọ, kó sì jágbe mọ́ ọn bí ìyá tó bí i.