Nọ́ńbà Yínúsà Tí Kò Dé Ọ̀kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù yín. Ẹ kà á tán. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ.

1.
Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Òkìkíọlá, iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ló ń ṣe. Ó ṣe wẹ́ẹ̀bù kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wá ẹni tó lè fúnni lẹ́jẹ̀ ní gbogbo ìlú Àkókó. Tí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù á jáde. Nǹkan ire ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ inú fáìlì kan ṣoṣo ló da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí. Zipporah, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, kìlọ̀ fún un.

"Òkìkí, ya àwọn nǹkan yìí sọ́tọ̀. Ibi tí orúkọ àwọn èèyàn wà, ìyẹn ni módẹ́ẹ̀lì. Ojú ìwé tí wọ́n ń rí, ìyẹn ni fíù. Èyí tó ń gba ìbéèrè, tó ń lọ wá ìdáhùn lọ́dọ̀ módẹ́ẹ̀lì, tó sì ń gbé e fún fíù, ìyẹn ni kọntirólà. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ pààrọ̀ ojú, o ò ní fọwọ́ kan orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ìwé lò ń kà sí mi létí," Òkìkíọlá fèsì. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Ó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

2.
Ẹ ṣáà mọ Àkókó wa, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tiẹ̀. Àwọn Òkè-Àgbè ní àwọn fẹ́ kà á lédè àwọn, àwọn Ọ̀kà náà ní àwọn ò gbẹ́yìn. Ojú nìkan ló yẹ kó yí padà. Òkìkíọlá ò ráyè ìyẹn. Ó ṣe ẹ̀dà odindi fáìlì náà fún ìlú kọ̀ọ̀kan, tòun ti gbogbo orúkọ inú ẹ̀, ó wá pààrọ̀ èdè. Wọ́n ń yìn ín káàkiri, orí ẹ̀ wú.

Nígbà tó yá, Yínúsà ará Ògbàgì, ọ̀kan lára àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀, tí irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pè é pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà.

"Mo ti tún un ṣe, bọ̀ọ̀dá," Òkìkíọlá sọ fún un.

Ti Ìkàrẹ́ nìkan ló tún ṣe. Nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà nínú ti Ọ̀kà.

3.
Ẹwàolúwa, àbúrò Òkìkíọlá, bímọ nílé ìwòsàn kan ní Ọ̀kà. Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ Yínúsà gan-an ló nílò. Nọ́ọ̀sì ṣí wẹ́ẹ̀bù ti Ọ̀kà, ó pe nọ́ńbà náà, kò lọ. Ó tún pè. Ó tún pè.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Òkìkíọlá, ó gun ọ̀kadà wá láti Ìkàrẹ́. "Ẹ pe Yínúsà," ló ń sọ bó ṣe ń wọlé.

"Òun náà là ń pè látàárọ̀," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, ó na fóònù sí i.

Ó wo nọ́ńbà náà, ti àtijọ́ ni. Ó ṣí ti Ìkàrẹ́, ó pe èyí tó wà níbẹ̀, Yínúsà gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi sáré dé, òógùn bò ó. Àmọ́ wọ́n ti faṣọ bo Ẹwàolúwa lójú. Ọmọ tuntun ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Ọjà Ọ̀kà níbí ni mo wà látàárọ̀," Yínúsà sọ. "Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọ́n ẹ̀dà orúkọ èèyàn káàkiri. Ẹ kó o síbì kan ṣoṣo, kí iye ojú tó bá wù yín máa wá bù ú níbẹ̀. Tẹ́nì kan bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ti Òkìkíọlá náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọmọ Ẹwàolúwa ń gbé báyìí, ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀, ó máa tó béèrè ìyá ẹ̀.