Orin Kẹrin fún Jonalyn

Ní ọjọ́ tí Jonalyn pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Crisanto bàbá rẹ̀ jí ní kùtùkùtù, ó gbé àwo orin rẹ̀ ka orí tábìlì, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ilé ti kún. Àwọn ẹbí láti Cavite ti dé láti ìjẹta, wọ́n sùn káàkiri orí ẹní. Lábẹ́ tàpólì níta, àwọn ọkùnrin ṣì ń ta káàdì, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Ilẹ̀ dọ̀tí, ẹnikẹ́ni ò gbá a. Àlejò tó bá sì ń lọ, wọn ò sìn ín sọ́nà, nítorí èèwọ̀ ni méjèèjì nírú àsìkò yẹn.

Ní Marikina níbi tí wọ́n ń gbé, bí ọmọbìnrin bá pé ọdún méjìdínlógún, ọkùnrin méjìdínlógún ló ń fún un ní òdòdó róòsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ló ń ṣíwájú. Ẹni tó bá kẹ́yìn, gbogbo ayé mọ̀ pé òun lọmọ náà fẹ́ràn jù. Orin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orin yẹn gan-an ló sì dá ìjà sílẹ̀.

"Bàbá Jonalyn, ṣé orin ariwo yẹn náà lo fẹ́ lò?" Perlita ìyàwó rẹ̀ bi í. "Àlùfáà ń bọ̀ o. Orin ìjọ ni kí wọ́n kọ."

"Kí àlùfáà di etí ẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Jonalyn."

"Ìwọ àti àwo yìí! Lọ́jọ́ tá a ṣègbéyàwó, òun lo kọ́kọ́ gbé wọlé kó o tó rántí mi."

"Òun ò bá mi jà rí."

Ọdún 1974 ni Crisanto ra àwo náà, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tó ń kọ́ṣẹ́ bàtà. Àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan láti Olongapo ló kọ ọ́, "Òjò Lójú Irin" ni wọ́n pè é. Ìjọba ológun ló wà lóde. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Àwọn sójà mú un lójú títì, wọ́n gé irun rẹ̀ tó gùn dé èjìká, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ó délé, ó ti fèrèsé, ó dín ohùn ẹ̀rọ kù, ó fi etí lé sípíkà. Olórin náà ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há ní ìka. Ọjọ́ yẹn ni Crisanto mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni inú ń bí.

Orin kẹrin nìkan ni kò lariwo. Gìtá kan, ohùn kan. Nígbà tí Jonalyn wà ní kékeré, á gun orí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa fi orin yẹn yípo nínú ilé ìdáná títí ìrẹsì á fi jóná. Ó dàgbà tán, ó di ẹlẹ́nu. "Dádì, orin yín yìí ti hu ewú o." Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lábẹ́ tábìlì. Kérésì tó kọjá ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn: òdòdó àkọ́kọ́ ti bàbá, orin náà ti bàbá. Òdòdó ìkẹyìn, ẹni tó bá wu Jonalyn.

Ẹni tó wù ú ni Rodel, ọmọ tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Crisanto ti ní ọmọ náà kò ní bá wọn mú òdòdó.

"Ó ṣèlérí pé òun máa gbé Jonalyn délé," ó wí. "Ṣé ó gbé e délé?"

"Òjò ńlá ló rọ̀, títì ń yọ̀," ni Perlita fèsì. "Ṣé ọmọ yẹn ló rọ òjò ni?"

"Kó má wọ ilé mi. Tó bá wọ̀ ọ́, màá ṣẹ́ apá kejì kún un fún un."

Rodel wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Wọ́n fi báńdéèjì gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ bó, ó di òdòdó kan mú. Àwọn tó ń ta káàdì ò wo ibi tó dúró.

Nínú ilé, Belen àbúrò Perlita ti kun èékánná Jonalyn tán, ó fi àtíkè sí i lójú, ó sì tún aṣọ funfun tí wọ́n ti rán láti Kérésì ṣe lára rẹ̀. Jonalyn ò fẹ́ràn àtíkè rí, ṣùgbọ́n lónìí kò janpata.

"Ẹ wo bó ṣe rẹwà," Belen wí, ó sì yára gba ilé ìdáná lọ.

Lọ́sàn-án, àlùfáà dé, ó gbàdúrà ráńpẹ́. Crisanto gbé abẹ́rẹ́ lé orin kẹrin, ó mú òdòdó àkọ́kọ́ lọ bá ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn náà olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni kẹtàdínlógún kúrò níwájú, orin parí.

"Bàbá Jonalyn," Perlita wí, kò pariwo. "O ní o ti ṣèlérí fún un. Ṣé ìdajì ìlérí lo fẹ́ mú ṣẹ ni?"

Crisanto wo ìta. Ó kórìíra ọmọkùnrin náà dé eegun, kò sì fi bò. Ó gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ó rìn dé géètì, ó ṣí i.

"Wọlé. Má wo ojú mi."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Má dúpẹ́."

Rodel tiro kọjá láàárín àwọn èèyàn, ó fi òdòdó kejìdínlógún sínú pósí lábẹ́ ọwọ́ Jonalyn, Crisanto sì fúnra rẹ̀ gbé ìdérí, ó dé ọmọ rẹ̀ pa.