Sáìnì Ru Máínọ́ọ̀sì

Ṣọ́ọ̀kì kan pátákó, ọwọ́ olùkọ́ ìṣirò kò sì lè lọ síwájú mọ́. Ó ti dífẹrẹ́ńṣíéètì sáìnì lẹ́ẹ̀kan, ó di kọ́sáìnì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kejì. Yóò padà di sáìnì, ìyẹn dá a lójú, àmọ́ ṣé pẹ̀lú máínọ́ọ̀sì, àmì àyọkúrò, níwájú rẹ̀ ni àbí láìsí? Ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu nínú òkùnkùn, ọwọ́ tirẹ̀ wá ṣìnà lójú ọ̀sán gangan. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó gbé bírò lọ́wọ́. Wọ́n ti ní bàbá olùkọ́ yìí ti ń gbàgbé nǹkan jù, ọ̀gá sì wá wò ó bóyá kí bàbá máa kọ́ni lọ tàbí kó lọ jókòó sílé.

"Bàbá Onísáìnì, à ń wò yín o," ni ọ̀gá wí.

Ni àwọn ọmọ bá ń kùn orin kan, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́:

"Sáìnì jáde nílé, ó di kọ́sáìnì,
Kọ́sáìnì darí wálé, ó di sáìnì,
Ó ru máínọ́ọ̀sì bọ̀ o, ó ru máínọ́ọ̀sì!"

Máínọ́ọ̀sì! Olùkọ́ fà á gbọọrọ síwájú sáìnì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó fi ìdérí dé bírò rẹ̀.

Inú bàbá dùn dẹ́yìn. "Ẹ káre, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́gbọ́n! Orin yẹn mà dùn o. Ta ló kọ́ yín?"

Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú sorí kodò.

"Ẹ̀yin ni, sà. Láàárọ̀ yìí náà ni."

Lẹ́yìn wọn, ọ̀gá tún ṣí bírò náà.