Afárá Tí Evaristo Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Dán Wò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1. Olùkọ́ ni Evaristo Lastra ní abúlé wa lórí òkè ní Sípéènì. Ó di olórí ìlú, ó sì di olórí ìjọba gbogbo ẹkùn. Casilda ìyá rẹ̀, opó tó ta wàrà tọ́ ọ dàgbà, ò bẹ̀ ẹ́ ju ohun kan lọ: afárá lórí odò wa, kí aláìsàn yéé kú lójú ọ̀nà. Ó ṣèlérí, ó sì kọ́ ọ. Títí débí yìí, ta ni yóò bá a wí?

2. Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti kéde ìdìbò, òfin ò gba olórí láyè láti ṣí iṣẹ́ tuntun mọ́. Ọjọ́ Ajé ni ìkéde. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, Nieves, ẹnjiníà afárá náà, wọlé tọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, a ò tíì dán an wò. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ tó kún fún iyanrìn gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀ ná. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Kí ẹlòmíì wá gé rìbọ́nì mi? Èèyàn ló máa rìn lórí ẹ̀, kì í ṣe erin!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, okùn irin kan wà tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí."

"Ọjọ́ Àìkú la máa ṣí i. Ó parí."

3. Mo wà níbẹ̀. Àwọn onífèrè ń fọn, àlùfáà wọ́n omi mímọ́ sí afárá, Evaristo gé rìbọ́nì. "Ìyá mi ló máa ṣíwájú!" Màmá Casilda gorí afárá tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sì tẹ̀ lé e. A ò tíì dé àárín tí a fi gbọ́ gbàù! Okùn irin já, afárá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ padà! Ẹ padà!" Nieves ń ké.

Àwa tá a lẹ́sẹ̀ sáré. Màmá Casilda tó ti darúgbó ò lè sáré, ó já bọ́ sódò. Àárín àpáta ni wọ́n ti gbé e, ó ṣì ń mí.

4. Lọ́jọ́ Ajé, Evaristo kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹjọ́ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n èyí tó bà á jẹ́ jù ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Evaristo, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé kò tíì dáa?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi."

"Mo ní, ṣé wọ́n sọ fún ẹ?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kọjú sí ògiri. Títí tó fi kú lọ́jọ́ Ẹtì, kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kí o dúró, jọ̀ọ́, dúró. Àtẹ́wọ́ ò gbé afárá ró. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.