Yàrá Òsì Lẹ́nu Géètì

Òyìnbó tó dá oko kòkó kan sílẹ̀ láyé àtijọ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́nu géètì rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó fi òkúta so wọ́n pọ̀ lókè bí òṣùmàrè. Fárótìmí, tó ń ṣọ́ géètì, ń sùn nínú ti ọ̀tún. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ a máa dáná nínú ti òsì. Nírọ̀lẹ́, kálukú a fa ìlẹ̀kùn géètì apá tirẹ̀, wọn a pàdé láàárín.

Nígbà tí Àṣàkẹ́ kú, yàrá ìdáná yẹn náà ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà, ó ku fèrèsé. Fárótìmí ò sunkún. Ó kàn jókòó gẹlẹtẹ bí ère.

"Ẹ̀gbọ́n," Ọláòtán àbúrò rẹ̀ kìlọ̀ kó tó máa lọ, "bẹ́ ẹ bá gbóhùn lálẹ́, ẹ má dáhùn o."

"Mo gbọ́."

Ilẹ̀ ṣú. Ó dìde, ó fa ìlẹ̀kùn tirẹ̀ bó ṣe máa ń fà á, kò tiẹ̀ rántí pé òun nìkan ló kù. Irin han gooro nínú òkùnkùn. Ìlẹ̀kùn kejì rọra wá pàdé tirẹ̀.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ohùn obìnrin kan béèrè láti apá òsì.

"N ò tíì jẹun," ó fèsì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Èéfín igi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Iná pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú fèrèsé òsì. Fárótìmí wọlé lọ mú àwo rẹ̀, ó gba abẹ́ òkúta náà kọjá, ó sì nà án wọ fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.