Ilé Tí A Kò Gbọ́ Ìró Òòlù Rẹ̀

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. Bí ẹ bá ní kí n to bíríkì méjì, àfàìmọ̀ kí n má jù ú lé ara mi lẹ́sẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa lẹ́yìn Iperindo, lọ́dún 1954, ni mo kàn fẹ́ rò fún yín.

Yèyé Phebe ló fún ìjọ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà. Ó ní kí wọ́n gé igi obì mọ́kànlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kí wọ́n sì sin òun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò béèrè ohun mìíràn.

Ọjọ́ kan ni wọ́n fi gé igi obì. Lọ́jọ́ kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àgbà ìjọ méjì. Bọ́lárìnwá ní ọ̀nà Iléṣà ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kọjú sí, kí àlejò lè rí i. Awóníyì ní agboolé tòun ni, nítorí òun ló máa ń tètè dé ilé Ọlọ́run. Ẹni tí kì í dé títí ìwàásù yóò fi dé ìdajì.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Yèyé bi Silas, akọ̀wé ìjọ, pé, “Ṣé ìjà ti parí?”

“Ó ti parí, Yèyé. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.”

“N ò gbọ́ òòlù.”

Silas họ orí. “Yèyé, nígbà tí Sólómọ́nì ń kọ́ tẹ́ńpìlì, ṣé wọ́n gbọ́ òòlù níbẹ̀ ni? Ibi tí wọ́n ti wa òkúta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán. Iperindo làwa náà ti ń lu tiwa. Bó bá dé ibí, wọ́n kàn ń tò ó ni.”

Yèyé pàtẹ́wọ́. “Háà! Àwọn ará ibí yìí, tí wọn ò lè jẹ iyán láìpariwo!”

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìjọ ti ń yọ́ rìn níwájú ilé rẹ̀. Bọ́lárìnwá pàápàá, tí ohùn rẹ̀ ń lé ẹyẹ lóko, wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ.

Òjò dé.

“Silas, n ò gbọ́ òjò lórí páánù.”

“Sólómọ́nì ò lo páánù, Yèyé. Pákó kédárì ni.”

“Kédárì wà ní Iperindo?”

“Ìrókò ni tiwa. Ẹ̀gbọ́n kédárì ni.”

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé. Yèyé fọwọ́ pa á lára, ó ń tu èèmọ́ kúrò lára irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Níbo lèyí ti jẹ̀ bọ̀?”

“Apá ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, Yèyé.”

Yèyé kó èèmọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ Silas, ó bá a pa ọwọ́ náà dé.

“Kí wọ́n má gbàgbé ẹnu ọ̀nà mi o.”

Ó kú lásìkò tí wọ́n ń ká kòkó. Gbogbo ìjọ sunkún. Awóníyì tètè dé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ sàréè gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wọn dé, wọ́n ní kí wọ́n fi ojú ibẹ̀ han àwọn.

Olórí wọn dúró sáàárín èèmọ́ tó ga dé orúnkún, níbi tí kùkùté obì mọ́kànlá ti ń rú ewé tuntun, ó wo Silas, ó wo Bọ́lárìnwá, ó wo Awóníyì, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹnu ọ̀nà dà?”