Òróró Lẹ́sẹ̀ Ìlérí

Ará ìjọ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń gun ẹní tí ìjọba fi ń yẹ èèyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kàn án, iná á tàn: funfun fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, aláwọ̀ ewé fún àìsàn ọpọlọ, pupa fún ẹ̀mí èṣù. Aláwọ̀ ewé di ti dókítà, pupa di ti ìjọ.

Dọ́káàsì di ọwọ́ Ìlérí, àkọ́bí rẹ̀, mú ṣinṣin. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọmọ náà ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Èṣù ṣeé lé jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé wèrè? Wọ́n ní òróró àdúrà máa ń sọ iná di pupa. Ó ti fi kun àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Iná tàn pupa.

"Ògo!" ni Wòlíì ké. "Ọ̀ràn dókítà kọ́ nìyí mọ́. Òfin ti fi í lé wa lọ́wọ́."

Dọ́káàsì kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Àwọn ọkùnrin ìjọ gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé.

Ìlérí bojú wẹ̀yìn. "Màámi, aláwọ̀ ewé ni mo gbàdúrà fún."

Òróró ṣì ń dán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.